Ọkọ Ìyàwó Inú Yàrá Fídíò

Ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán mi lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní Ẹdẹ láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n wádìí ohun tí àwòrán ìhòòhò orí fóònù ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàrin àwọn ọ̀dọ́. Ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ibẹ̀ la ti kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀." Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ní, "Ìyẹn náà ni ò jẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ò rí irú èyí nígbà tiyín. Ayé yín dáa."

Mi ò já a nírọ́. Mo kọ ìròyìn mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní ìlú yẹn kan náà, nígbà tí fóònù kò tíì sí lápò ẹnikẹ́ni, kò sí nínú ìròyìn náà. Òun ni mò ń kọ síhìn-ín.

Ayé ìjọba ológun ni. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti yanṣẹ́ lódì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kù díẹ̀ kó jáde gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sórí bọ́ọ̀sì, ó gbé e wá sílé. Èmi náà wà nílé. Bàbá wa, tíṣà ni wọ́n, ìjọba kò sì rántí owó oṣù wọn. Oúnjẹ ọ̀sán di ohun tí à ń gbọ́ nínú ìtàn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò á jáde, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìgẹrun, wọ́n á máa wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tó ni ilé ìgẹrun yẹn ló ni yàrá fídíò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, kò ní fèrèsé. Ó to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àpótí, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀, fíìmù àwọn ará Ṣáínà tó ń ja ìjàkadì ló ń fi hàn, àwọn ọmọdé ló sì ń lọ wò ó. Tó bá di ọ̀sán, á lé àwọn ọmọdé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á wọlé. Èyí tí wọ́n ń wò nígbà náà ni wọ́n ń pè ní búlúù fíìmù. Gbogbo àdúgbò mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Àwọn ọlọ́pàá ti kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ rí. Nítorí náà ó dá ọgbọ́n kan. Tí gbogbo wọn bá ti wọlé tán, òun á jáde, á fi àgádágodo ńlá ti ilẹ̀kùn náà níta, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á lọ ta ayò lábẹ́ igi ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Tó bá mọ̀ pé fíìmù ti ń parí, á padà wá ṣí i.

Èmi ò wọ yàrá náà rí. Mo béèrè bó ṣe rí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn tó ti di alàgbà nínú ìjọ báyìí. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ooru ibẹ̀ kọjá sísọ," ó ní. "Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, wàá mú un mọ́ra. Tí ohun tó ò ń wò bá kó ẹ nírìíra, wàá fi ojú pamọ́, àmọ́ etí ńkọ́? O ò lè ní o fẹ́ jáde. Wọ́n á ní o kì í ṣe ọkùnrin. Ká tiẹ̀ ní wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń padà lọ?"

"Níbo ni ká lọ?"

Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti ní àfẹ́sọ́nà. Èmi ni mo mú wọn mọ ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ jókòó nídìí tábìlì kan náà nílé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ilé wọn àti ilé wa ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó ní kí n bá òun sọ̀rọ̀, mo bá a sọ ọ́. Báyìí ni mo ṣe di alárinà wọn. A ṣe ìdána kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi mú Bíbélì nínú gbogbo ẹrù tí a gbé lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa rí: ìyàwó kì í fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, kékeré ni, àgbà ni. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń fa irun mi tẹ́lẹ̀ wá ń kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kúnlẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ rántí pé èmi ni mo máa ń ṣe ìṣirò yín fún yín."

Ó tó ìgbà kan, ó ṣì ń kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó bá mi ṣa á díẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni, àbí ọkọ mi?"

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ ni."

"Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni, má sọ ọ́ nílé yín."

Ó ní tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí òun, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nípa ilé tí wọ́n máa gbé, nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ bínú. Báyìí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. "Á kàn máa wò mí, bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ tó fẹ́ gé. Ó ní mo dà bí igi. Ó ní àwọn obìnrin tó mọ nǹkan kì í tijú. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, mo ní kó fi mí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ta ni?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tinú fíìmù. Kò fi mí sílẹ̀ títí mo fi ké, tí ìyá mi dáhùn láti inú ilé." Ó jan ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àtẹ. "Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n ẹ tí mo fẹ́ràn. Tí wọ́n bá sì ti gbé mi wọ ilé yín, kò sí ìyá tó máa dáhùn."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé lọ sí yàrá fídíò yẹn."

Kò gbójú sókè. "Kí ló sọ fún ẹ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo rí i pé ẹ ti yí padà."

"Èmi nìkan kọ́. Wo ìlú." Ó fún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sá a. "Tí mi ò bá lọ síbẹ̀, kí n lọ síbo? Sí kíláàsì?"

"Ohun tí ẹ̀ ń wò níbẹ̀, irọ́ ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o ti wò ó?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá wa bí gbogbo wa, ọ̀rọ̀ kan ò tẹnu wọn jáde rí nípa bí ọkọ ṣe ń ṣe sí ìyàwó. Àlùfáà ní ká máa sá fún àgbèrè. Wọn ò sọ ohun tá a máa ṣe lọ́jọ́ tí sísá bá parí. Mo fẹ́ gbéyàwó, mi ò mọ nǹkan kan. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ti fi nǹkan hàn mí."

Nígbà tó kọjá níwájú ilé ìgẹrun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i. Ọ̀kan ní, "Ọkọ ìyàwó, ṣé o ti ń kàwé ìdánwò?" Èkejì ní, "Tíṣà mà ni ìyàwó ẹ̀. Tí ò bá ṣe é dáadáa, á ní kó tún kíláàsì kà." Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n pe ẹbí méjèèjì jọ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n pe èmi alárinà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àgbà ló ṣe alága. Àwọn ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń béèrè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n.

"Ṣé ó nà ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o gbọ́ nǹkan nípa ìran wọn? Wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ní obìnrin mìíràn?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Rárá, sà." Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní kí n dárúkọ ẹ̀."

"Kí ló wá ṣe ẹ́, ọmọ mi?"

"Bó ṣe ń wò mí ni, sà."

Alága wo àwọn àgbà yòókù. "Ọkọ tí kì í wo ìyàwó ẹ̀ ló yẹ ká pè jọ," ó ní. Pálọ̀ gba ẹ̀rín. Ó wá kọjú sí mi. "Alárinà, ṣé ohun kan wà tí o mọ̀ tí àwa ò mọ̀?"

Bàbá mi jókòó síbẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kankan rí níwájú àgbà. Mo ti ṣèlérí, mo sì rò pé mo lè sọ ọ́ láì sọ ọ́. Mo ní, "Wọ́n máa ń lọ wo fídíò, sà."

"Fídíò? Ta ni kì í wo fídíò? Èmi náà ń wo ìjàkadì."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹ̀sùn. Wọ́n ní pé ìgbéyàwó ti pẹ́ jù ló fà á, àti pé ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó kó yáa gbé e kí ìrẹsì tó di góòlù. Wọ́n fa ọjọ́ ìgbéyàwó sún mọ́, wọ́n ní kí àlùfáà bẹ̀rẹ̀ ìkéde.

Ìkéde, ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣe ni lọ́jọ́ ìsinmi mẹ́ta kí ìgbéyàwó tó wáyé. Àlùfáà á dárúkọ ọkọ àti ìyàwó, á ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sọ. Mi ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe ìkejì. Lọ́jọ́ kejì yẹn, ọ̀rẹ́ mi di apá àga tó wà níwájú rẹ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé sáré.

Ní Sátidé tó ṣáájú ẹ̀kẹta, onífídíò ti àwọn ọmọkùnrin mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún un nídìí ayò pé ọkọ̀ epo ti dé ilé epo kan ní Sẹkọ́nà nítòsí Ẹdẹ. Bẹntiróò ṣọ̀wọ́n nígbà náà bí omi aginjù. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó fò sórí ọ̀kadà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó rò pé òun á dé kí fíìmù tó parí. Àwọn ṣọ́jà dé ilé epo náà, wọ́n ní ìjọba ti ka kẹ́ẹ̀gì léèwọ̀, wọ́n kó gbogbo ẹni tó gbé e dání jókòó sínú oòrùn.

Fíìmù parí. Jẹnẹrétọ̀ jó epo rẹ̀ tán, ó kú. Òkùnkùn bò wọ́n. Alàgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní, "A rò pé ó ń bọ̀. A ò lè pariwo, tórí tí a bá pariwo, wọ́n á mọ̀ wá. A jókòó sínú òógùn ara wa. Àwọn kan ń gbàdúrà. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń ka Sáàmù."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Wọ́n fi orí ti ògiri."

Ẹnì kan wà nínú wọn tó ní ikọ́ fée. Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, wọ́n gbàgbé ojútì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin jáde láti ilé dé ilé, wọ́n rò pé olè ni. Wọ́n pe káfíńtà. Ó yọ ìdè ilẹ̀kùn lójú gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọkùnrin náà ń jáde níkọ̀ọ̀kan, ṣẹ́ẹ̀tì wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ lọ ata. Ó dúró, abọ́ ata wà lórí rẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi fi jáde. Obìnrin kan nínú èrò ní, "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú ìjáde o." Ìyá náà yíjú kúrò. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Wọ́n ti rí i báyìí, wọ́n mọ irú fídíò tí mo sọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n ní, "Ọkùnrin ni. Tí ìyàwó bá wọlé, gbogbo ẹ̀ á tán." Àwọn ará ilé ọ̀rẹ́ mi náà ránṣẹ́ pé ìgbà èwe ni, kí a má ṣe jẹ́ kí èyí da ètò rú.

Mo sáré lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọ́n rí i," ó ní, "wọ́n sì ní kí n lọ wò ó sàn. Ṣé oògùn ni mí?"

Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan. Ó ti ń ṣí ìwé orin. Ọ̀rẹ́ mi dìde.

"Èmi ni, sà."

Àlùfáà wò ó láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni, sà."

Kò jókòó. Wọ́n kọ orin náà tán, ó ṣì wà lórí ìdúró.

Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà kó wa sínú yàrá rẹ̀: bàbá méjì, ìyá méjì, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi, èmi. Àga kò tó. Ó ní, "Ìdí wo lo ní?"

"Ẹ bi wọ́n, sà. Ẹ má bi èmi."

Àlùfáà kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kí lo ṣe fún un?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Ìyá mi, tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní, "Dá wọn lóhùn."

"Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú," ó ní. "Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo rò pé eré ni. Níbi tí a ti ń wò ó, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Obìnrin á ní rárá, lẹ́yìn náà inú ẹ̀ á dùn."

"Ó ti tó," bàbá mi ní.

"Kò tó, sà. Ó ké. Mo ṣì rò pé eré ni." Ó gbé ojú sókè, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa bí kò ṣe bàbá ọ̀rẹ́ mi. "Tí ẹ bá gbé e fún mi báyìí, sà, mi ò mọ bí mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀."

Bàbá ọ̀rẹ́ mi dìde. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n tún yára fi í sílẹ̀, bí ẹni tó rántí nǹkan. Wọ́n ní, "Máa bọ̀ nílé." Ó tẹ̀ lé wọn jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sínú yàrá fídíò mọ́. Kò tún bá àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì jókòó mọ́, wọ́n ní ó ti dà wọ́n. Bàbá wa kò bá a sọ̀rọ̀ títí ìyanṣẹ́lódì fi parí, wọn ò sì bá èmi náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi tọrọ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Alájue, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ alárinà tó kù fún mi ni pé kí n bá wọn dá ẹrù ìdána padà. Iṣu àti oyin ti tán tipẹ́. Ohun tó kù ni Bíbélì àti àpótí aṣọ. Ìyá rẹ̀ gbé àpótí lérí, mo gbé Bíbélì dání, a gba ọ̀nà ọjà lọ sí ilé wa. Àwọn tó ń tajà rí wa, wọ́n rí àpótí tuntun, wọ́n rò pé ètò ìgbéyàwó ló ń lọ. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni wọ́n ń kí wa:

"Ẹ kú ìnáwó o. Olúwa á jẹ́ ká ṣe é láyọ̀."

Ìyá rẹ̀ rọra tẹ orí àpótí mọ́lẹ̀. "Àmín," wọ́n ní. "Ẹ ṣé."